Agbénámájẹ: Ta Ló Ní Yorùbá Kò Lè Sọ Ọ́?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti jáde ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì ń yọjú síbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì fi máa ń pa wá lẹ́nu mọ́. Bí àríyànjiyàn bá ti gbóná lórí bóyá ó yẹ kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, ẹnì kan nínú wọn á kàn dìde, á ní, "Ó dáa, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé superconductivity fún mi." Ẹ̀rín á ta, ìjókòó á tú, oníkálukú á gba yàrá rẹ̀ lọ. Èyí tó ń dùn wá jù ni pé àwa tí à ń kọ́ Yorùbá gan-an máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó tó gẹ́ẹ́. Èrò tiwa ni pé ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn, pé ìdáhùn náà kò le tó bí wọ́n ṣe rò, àti pé ibi tó ti le gan-an, ó le fún àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ kọ èyí, ọmọ Ìkìrun ni. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ agbègbè wa á mọ ìsédò Eko Ende, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn kí omi ẹ̀rọ lè máa lọ sí Ìkìrun, Ìníṣà, Òkukù àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Omi kì í dédé gun òkè. Ẹ̀rọ ló ń fà á, iná ló sì ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan ní Ìníṣà bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ nìkan jáde, ó ṣeé ṣe kí omi wà nínú odò dáadáa, kó jẹ́ pé iná ni kò sí.

Iná náà ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìkìrun rárá, ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré kiri nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ pé gbogbo rẹ̀ tún ti wó lulẹ̀, bó ṣe ń wó lemọ́lemọ́ ní ọdún 2024. Láti Jebba wá sí Òṣogbo, orí òpó gàgàrà ni iná ń gbà, ní 330,000 fólítì. Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí ó fi ní láti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé wáyà ń jẹ iná. Kò sí wáyà tí kì í jẹ. Bí iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, èyí tí wáyà ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá gbé fólítì sókè, ìṣàn tí wọ́n nílò á dín kù, wáyà á sì jẹ díẹ̀. Ọgbọ́n ìdínkù ni. Jíjẹ náà kò tán. Èyí tí wáyà bá jẹ á di ooru, ooru á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Kí ló ń jẹ ẹ́? Ẹ wo oko iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Ebè tò lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àyè àárín wọn bára dọ́gba. Báyìí ni átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú irin àti bàbà. Àwọn wóró tíntìntín kan tí à ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gba àárín ebè náà kọjá, ìrìn wọn sì ni à ń pè ní ìṣàn iná. Bí ebè bá dúró jẹ́ẹ́, tí ó tò gún régé, wọ́n á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ní ooru lára ń gbọ̀n. Átọ́ọ̀mù ń gbọ̀n rìrì níbi tó wà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń forí sọ ọ́, ó ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, bí ẹni tó ru agbọ̀n ata la ọjà kọjá lọ́jọ́ tí èrò pọ̀. Kó tó dé ibi tó ń lọ, ata díẹ̀ á ti dà sílẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìgbọ̀n ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ata ń dà sí i.

Ní ọdún 1911, ní ìlú Leiden lórílẹ̀-èdè Netherlands, Heike Kamerlingh Onnes àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mú mẹ́kúrì tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ìdènà inú rẹ̀ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bọ̀, bí wọ́n ṣe retí. Nígbà tó dé ibì kan, ó pòórá lójijì. A kò sọ pé ó kéré o. A ní ó pòórá. Bí a bá rọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní òrùka tí a sì jẹ́ kí iná máa yí po nínú rẹ̀, ó lè máa yí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún tì í, bí òtútù náà kò bá ṣáà ti kúrò.

Àwa pè é ní agbénámájẹ: ohun tó gbé iná tí kò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì ti rí bí a ṣe kàn án: mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, lẹ́yìn náà gbé, iná, má, jẹ. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ọ̀rọ̀ náà kò lè pẹ́ ní Nàìjíríà, pé níbí, gbogbo ẹni tó bá gbé ló ń jẹ. A kò bá a jiyàn.

Ó gba ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ lọ́nà tó tẹ́ni lọ́rùn. John Bardeen, Leon Cooper àti Robert Schrieffer ló sọ ọ́ ní 1957, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1972. Àlàyé wọn rí báyìí. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í fẹ́ sún mọ́ ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń kọjá, á fa àwọn átọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra díẹ̀. Átọ́ọ̀mù wúwo ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ fíìfíì, nítorí náà kì í tètè padà sí àyè rẹ̀. Ẹ rò ó bí ẹni tó kọ́kọ́ la inú koríko gíga kọjá: koríko tó tẹ̀ kò tíì nàró tán tí ẹni kejì á fi gba ojú ipa náà. Àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀, wọn kò tilẹ̀ fẹ́ràn ara wọn, àmọ́ koríko ti so wọ́n pọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń di méjìméjì, tí ọ̀kẹ́ àìmọye irú alábàárìn bẹ́ẹ̀ sì ń gbé ẹsẹ̀ kan náà. Nígbà náà, átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo kò lè dá ẹyọ ọ̀kan dúró nínú wọn mọ́, àfi tó bá lè dá gbogbo wọn dúró.

Ẹ ò ri pé ọ̀rọ̀ yí bírí. Ìgbọ̀n tó ń da ata nù ní ọjà náà ló tún di okùn tó so àwọn alárìnjò pọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ti hàn láti 1950, nígbà tí àwọn kan lo oríṣi mẹ́kúrì tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo ju ti ìyókù lọ díẹ̀, mẹ́kúrì kan náà, ìwọ̀n nìkan ló yàtọ̀. Òtútù tó nílò kó tó di agbénámájẹ le sí i. Bí ìwọ̀n átọ́ọ̀mù bá lè yí ọ̀rọ̀ padà, a jẹ́ pé mímì átọ́ọ̀mù lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹjọ́ ti parí. Àfi ìgbà tó di 1986 tí Georg Bednorz àti Alex Müller, ní ibi ìwádìí IBM lẹ́bàá Zurich, po bàbà, ọ́síjìn, lanthanum àti barium pọ̀, tí wọ́n sì sun ún nínú iná bí ẹni ń sun ìkòkò. Ohun tó jáde kò jọ irin. Ó dúdú, ó le, ó sì ń fọ́ bí àpáàdì. Àpáàdì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í di agbénámájẹ ní nǹkan bí 238 nísàlẹ̀ òdo, èyí tó ga ju ohun tí irin kankan ti ṣe rí lọ. Ọdún kejì ni wọ́n fún wọn ní Nobel. Nínú ọdún 1987 náà ni Maw-Kuen Wu àti Paul Chu àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà rí èyí tó ní yttrium nínú, òun sì ṣe é ní 180 nísàlẹ̀ òdo. Ìdí tí ariwo fi sọ ni pé náítírójìn olómi ń hó ní 196 nísàlẹ̀ òdo, inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni wọ́n sì ti ń rí i. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó hélíọ́ọ̀mù. Nígbà tó di 1993, wọ́n ti rí èyí tó ní mẹ́kúrì tó ṣe é ní nǹkan bí 140 nísàlẹ̀ òdo. Cuprate ni orúkọ ìdílé gbogbo wọn, nítorí bàbà. Ohun tó ń ya àwa lẹ́nu ni pé bàbà fúnra rẹ̀ tí a fi ń ṣe wáyà, fàdákà àti wúrà náà, àwọn ọ̀gá nínú gbígbé iná, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni tíì rí kó di agbénámájẹ. Àpáàdì ló ṣe é.

Ṣé koríko ló tún so àwọn ti inú àpáàdì pọ̀? Ibí ni ìjà wà, ó sì ti tó nǹkan bí ogójì ọdún. Àwọn kan pààrọ̀ ọ́síjìn inú cuprate sí oríṣi tó wúwo. Nínú èyí tí èròjà rẹ̀ wà ní ìwọ̀n tó pé jù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀. Nínú èyí tí èròjà rẹ̀ kò tó, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ní 2001, Alessandra Lanzara àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde nínú oríṣiríṣi cuprate, wọ́n rí i pé eré wọn ń yí padà lójijì ní nǹkan bí ibi kan náà nínú gbogbo wọn, wọ́n sì ní ìgbọ̀n átọ́ọ̀mù ló fà á. Àwọn mìíràn ní rárá, òòfà tó wà láàárín àwọn átọ́ọ̀mù bàbà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn kẹta ní méjèèjì ni.

Ìgbọ̀n kan tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni èyí tí ọ́síjìn ti ń sún mọ́ bàbà, tí ó tún ń sún kúrò, bí àyà ẹni tó ń sùn. Àwọn onífísíìsì pàápàá ń pè é ní mímí. Ẹ wá gbọ́ Yorùbá: mì, mí. Ohùn ìsàlẹ̀, igi ń mì. Ohùn òkè, ọmọ ń mí. Àwa kò sọ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ nípa cuprate o. Irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ẹ̀ka wa di ẹni ẹ̀sín. Ohun tí à ń sọ ni pé èdè tó ní gbọ̀n rìrì, mì tìtì, mì jìgìjìgì, mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, fì síwá fì sẹ́yìn, kò lè jẹ́ aláìní níbi tí ọ̀rọ̀ ìgbọ̀n bá wà. Inú cuprate, ọ̀tọ̀ ni ìgbọ̀n tó ń na okùn tó wà láàárín bàbà àti ọ́síjìn, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń tẹ okùn náà kọdọrọ sókè sódò. Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ kó tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí à ń há sórí nítorí ìdánwò ti ń dúró de irú iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Fìrí ni èyí tó wù wá jù nínú gbogbo wọn. Nínú irin àtijọ́, bí òtútù bá ti dé ìwọ̀n, dídi méjìméjì àti gbígbé ẹsẹ̀ kan náà ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú cuprate, ó dà bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí wọ́n so pọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí gbogbo wọn fi ohùn ṣọ̀kan. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn onídùndún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojúde. Ìyáàlù ti dé, kẹríkẹrì ti dé, gúdúgúdú ti dé, oníkálukú ń dán tirẹ̀ wò. Ìlù á wọra fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ní igun kan, á tún já. Á wọra ní igun kejì, á tún já. Ijó kò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá lọ ti gbọ́ ọ fìrí. Bẹ́ẹ̀ ni agbénámájẹ ṣe ń yọjú nínú cuprate kí òtútù tó dé ìwọ̀n: fìrí níhìn-ín, fìrí lọ́hùn-ún, iná á rọrùn díẹ̀ láti kọjá, kó tó tún tú ká. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ Nai Phuan Ong ní Yunifásítì Princeton rí àmì tí wọ́n kà sí irú fìrí bẹ́ẹ̀ ní ooru tó ga púpọ̀ ju ibi tí ìdènà ti ń pòórá lọ. Àwọn mìíràn tún wọn wọ̀n, wọ́n ní fìrí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ga tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń bára wọn fà á.

Ìgbọ̀n àti fìrí ti pàdé rí. Ní 2011, Andrea Cavalleri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hamburg mú cuprate kan tí kì í ṣe agbénámájẹ ní ìwọ̀n òtútù tí wọ́n fi í sí, wọ́n yìnbọn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí lù ú, kí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lè gbọ̀n ní ọ̀nà kan pàtó. Láàárín ìdá tíntìntín nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí agbénámájẹ. Lẹ́yìn náà ó padà sí ipò rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ìdá tíntìntín yẹn, àríyànjiyàn ló wà lórí rẹ̀ títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń ta oògùn. Agbénámájẹ kò ní gbé omi dé Ìníṣà lọ́la. Ní ìlú Essen ní Jámánì, wọ́n ri okùn agbénámájẹ tó gùn tó kìlómítà kan mọ́lẹ̀ ní 2014, iná ìlú sì gba inú rẹ̀. Náítírójìn olómi ni wọ́n ń dà sí i lára kó lè máa tutù. Ibi tí a kò ti lè rí díísù ra fún ẹ̀rọ omi, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ti náítírójìn. Ẹ sì rántí oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí gbogbo WhatsApp gbóná pé àwọn ará Kòríà ti rí LK-99, agbénámájẹ tí kò nílò òtútù rárá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn mìíràn dán an wò, wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí bàbà àti sọ́fúrì tó wà nínú rẹ̀ ló tan wọ́n jẹ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdènà tó dín kù àti ìdènà tó pòórá ní èdè tó yé e, kò ní fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ara àlàyé tó ṣe ni pé ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní lábẹ́ òfin náà ní 2023, ìwé kẹta ló wà ní 2025. Ta ló gbé WAEC fún un? Àwọn tó kùnà nínú ìdánwò wọ̀nyẹn ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí òfin náà. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni dán an wò dáadáa ni 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní St Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Àwa náà ní tiwa. Fóníìmù, àfòmọ́, gbólóhùn abọ́dé: kò sí ìyá àgbà kankan ní Ìkìrun tó ń sọ ọ́. Àwọn ọ̀gá wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, jókòó ṣe ìwé èdè-ìperí Yorùbá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí pé àwọn olùkọ́ ń fi kọ́ni, àwa náà ń fi kọ ìdánwò. Ti sáyẹ́ǹsì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ńṣe la kàn ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé, tí kò sẹ́ni tó ń fi í jiyàn. Ọ̀rọ̀ tí a kò fi jà rí kì í lágbára. Ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ sọ ìtàn ọjà àti koríko kí a tó sọ orúkọ. Bí agbénámájẹ kò bá wù yín, ẹ mú èyí tó sàn jù ú lọ wá. Ìtàn náà ti wà nílẹ̀.

Àwọn kan á ní, cuprate tí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Karin Barber gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, ó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, ó sì kọ ìwé I Could Speak Until Tomorrow tó jáde ní 1991. Kò wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún oríkì. Ó pè é ní oríkì, ó sì fi ìwé odindi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọ̀rọ̀ Òkukù lè ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Zurich náà lè ṣe é nínú Yorùbá.

Ó ku ọ̀kan tó ti fún wa láàárọ̀. Nínú cuprate, kí òtútù tó dé ìwọ̀n, ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ipò tó yẹ kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà ti ṣófo, bí ẹni pé agbénámájẹ ti dé, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé. Pseudogap ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ká pè é ní àlàfo ẹ̀tàn. Èkejì ní ẹ̀tàn kọ́, nítorí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ bóyá ìkéde agbénámájẹ ni tàbí ọ̀tá rẹ̀. Ó fẹ́ ká pè é ní àlàfo àfẹ̀mọ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí a ti ń fà á. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka físíìsì tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá bá wa dá sí i.